Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Kó Yọ Ẹ̀gbọ́n Mi Dànù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹnu kan máìkì ni mo gba orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí dòní. Olùkọ́ ní kí oníkálùkù wa bọ́ síwájú, kó sọ pé "Ẹ káàárọ̀," kó sì padà lọ jókòó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, níbi tí èèyàn kò ti lè tọrọ iyọ̀ láìpariwo. Mo gba máìkì, mo fẹnu bò ó bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì, mo sì kí gbogbo ayé. Àwọn iná wẹẹrẹ tó wà lára ẹ̀rọ fò kúrò lórí àwọ̀ ewé, wọn ò dúró lórí àwọ̀ ìyeyè, pupa ni wọ́n sáré lọ bá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ̀n. Gíláàsì fèrèsé jó. Ajá kan tó ń sùn létí títì nísàlẹ̀ dìde, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kúrò nílùú. A ò tíì gbúròó rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Olùkọ́ bọ́ hẹ́dífóònù kúrò létí, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ta ló bí ọ?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Bá mi kí i pé ó kú ìrọ́jú. Ààrá, lọ jókòó. Tí iná bá jẹ́ ti ewé, èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá di pupa, wèrè ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́?"

Bí mo ṣe di Ààrá nìyẹn.

Òun náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é. Má-fọwọ́-kàn-án ni. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọkùnrin náà láti àárọ̀ dalẹ́. Wáyà yẹn, má fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnì yẹn, má fọwọ́ kàn án. Àga tó o jókòó lé yẹn, ìdí nìkan ni kó o fi kàn án. Orí rẹ̀ dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò. Bí èèrà bá yọ̀ ṣubú lórí àjà, á sọ ẹsẹ̀ tó fi kọ́kọ́ kanlẹ̀ fún ọ. Mi ò bà á jẹ́ o, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kórìíra wa. Ìró ló fẹ́ràn. Àwa èèyàn tí ìró ń ti ara wa jáde ni kò lè fara dà.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì ni yàrá ìkọ́ṣẹ́ náà wà. Kọ̀ǹpútà ò kárí, nítorí náà èèyàn méjì-méjì ló ń pín ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n fi mí tì ni ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe torí pé ó rí tín-ín-rín. Kí n tó jókòó dáadáa, ó ti fa sẹ́lótéèpù gba àárín tábìlì wa.

"Apá ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn, apá ọ̀dọ̀ mi nìyí. O ò gbọdọ̀ mí síbí."

"Ṣé afẹ́fẹ́ náà ni bàbá rẹ kọ́ ni?"

"Bàbá tèmi kọ́ nǹkan. Tìrẹ ńkọ́?"

Bàbá tèmi ti kú. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ló jogún ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀, ó sì jogún èmi náà mọ́ ọn, láàárín hámà àti ẹ̀mú. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà làwa méjèèjì ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bí ó bá gbá irin lẹ́ẹ̀kan, àwọn òkú tó ti rà á pa ojú dé. Kò sì fẹ́ gbọ́ pé mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀. Ó ní ọ̀lẹ ló ń fi etí ṣiṣẹ́.

"Lọ," ló wí fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Mi ò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọ jáde níbẹ̀, ibí yìí lò ń bọ̀. O ó máa bá mi di irin mú, o ó dì í mú títí ewú á fi hù sí ọ ní àtẹ́lẹwọ́."

"Wọn ò ní lé mi, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ tí ilé ìwé gidi ti lé? Ìwọ tí o fo ògiri jáde kí olùkọ́ tó parí ABD?"

Irọ́ ni. Mo dúró dé Ẹ.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣẹ̀rù bani lásán. Bí mo bá já bọ́ níbi iṣẹ́ orin, irin ni, irin títí ayé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Má-fọwọ́-kàn-án fún wa rọrùn létí. Ó fún oníkálùkù ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ó ní ká gbé e lọ sílé, ká kọ orin kan tí a fúnra wa ṣe, láìsí ìlù, láìsí fèrè, ká gbé e padà wá, ká fọ̀ ọ́ mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, ká sì fi lé òun lọ́wọ́.

"Kí ẹ tó la ẹnu," ló wí, "ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́ yàrá yín lófìfo díẹ̀. Kò sí yàrá tó dákẹ́. Fáànù ń hùn, iná ń hùn, ògiri gan-an ń hùn. Tí ẹ bá débí, ẹ ó fi ibi òfìfo yẹn han kọ̀ǹpútà, ẹ ó ní, èyí ni mi ò fẹ́. Á mọ̀ ọ́n lójú, á sì máa ṣa á kúrò níbi gbogbo tó bá ti rí i."

Ó fi hàn wá. Ó jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara rẹ̀ pẹ̀lú fáànù tó ń hùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹgbẹ̀rún kòkòrò. Ó tẹ nǹkan, ó tún un tẹ̀, fáànù kú. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù, ó mọ́ tónítóní. Orí mi wú. Mo ti rí ẹni tó pa ẹ̀fọn, mi ò tíì rí ẹni tó pa ìró.

Lẹ́yìn ìyẹn ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ṣíṣe ẹ̀dà. Ó ní kí á má ṣe fọwọ́ kan ojúlówó, ẹ̀dà ni kí á máa fi ṣeré. Nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ló sọ. Ọwọ́ mi dí nígbà yẹn. Mò ń fi èékánná ti sẹ́lótéèpù Abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìgbín ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀.

Mo gbé agbohùnsílẹ̀ délé. Mo ti ṣe orin kan, orin tó dára débi pé mo bẹ̀rù ara mi. Báyìí ló lọ:

Ilé tí mo fẹ́ kọ́, òkè ọ̀run ni yóò wà,
Àwọsánmà ni mo fi ṣòrùlé,
Mo ti gbé bíríkì kan, ó ku ẹgbẹ̀rún,
Ẹ bá mi ká lọ, ẹ̀yin ará.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo tan ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé mo tì í. Kíá ló ti débi ilẹ̀kùn.

"Kí lò ń fi pamọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́? Èmi tí mò ń jóná níbí, eré ni mò ń ṣe?"

Mo bẹ̀rẹ̀ orin, ó bẹ̀rẹ̀ èébú. Mo gbé e sókè, òun náà gbé tiẹ̀ sókè. Ibi tí mo bá ti fẹ́ mí, ibẹ̀ ló ń lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí ikọ́ gbà mí, tí mo dákẹ́, òun nìkan ló gba ayé kan: ó ka àwọn ọ̀lẹ ìran wa látìgbà ìwáṣẹ̀, ó fi mí ṣe olórí wọn, ó dé mi ládé. Mo bá a yí i títí dópin orin náà nítorí pé alágídí lèmi náà, mo sì pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo fi hẹ́dífóònù sétí nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́, ọkàn mi wó. Orin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé e lórí. Kò sí ibi òfìfo kankan. Bí mo bá wá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá wá òsì, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń wo àwòrán ohùn náà lójú kọ̀ǹpútà, ó rí gbágungbàgun bí òkè tí wọ́n tò, gbogbo òkè tó ga níbẹ̀, tiẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lórí. Má-fọwọ́-kàn-án ní ká fi ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ han kọ̀ǹpútà. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lè yọ fáànù, kí ló dé tí kò ní lè yọ ẹ̀gbọ́n? Èwo ló pariwo jù nínú àwọn méjèèjì? Mo wá ibi tí mo ti ń wúkọ́ tí òun nìkan ti ń dé mi ládé ọ̀lẹ, mo fi máòsì wọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì fi í han kọ̀ǹpútà. Mo ní: ọkùnrin yìí, wò ó dáadáa, òun ni mi ò fẹ́.

Abẹ́rẹ́ ń wò mí láti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Iṣẹ́ ọkùnrin."

Ó ká apá rẹ̀, ó sinmi sẹ́yìn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú, mo ti ń to àwọn mìíràn tí n ó tún yọ sílẹ̀ lọ́kàn: àwọn tó máa ń pariwo kọjá ní kọ̀rọ̀ ilé wa lówùúrọ̀, Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ wò. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ kíá kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí ọ̀nà wọlé padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá tẹ̀ ẹ́ kó dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ti bá a lọ. Ohun tó kù ni ìró kan bí ìgbà tí ẹja bá ń ráhùn ní ìsàlẹ̀ kànga, tí ejò kan sì ń fesì fún un látinú garawa. Mo gbé ohùn sókè, ẹja ráhùn sí i.

Má-fọwọ́-kàn-án ti gbọ́ ọ láti òdìkejì yàrá. Ó rìn wá, ó gba hẹ́dífóònù, ó gbọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní omi ọṣẹ mu.

"Kí lo fi hàn án?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣubú lórí àga, mo gbọ́ bó ṣe kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí. "Ọmọ bàbá kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyá kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀nà ọ̀fun kan náà, imú kan náà, ohùn kan náà. Ohùn ilé yín lo fi hàn án, ohùn ilé yín ló sì yọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tí ò ń bá jà. Ẹ̀dà rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀dà kí ni, sà?"

Etí ọkùnrin náà ń mì.

"Ojúlówó lo fọwọ́ kàn," ló wí jẹ́ẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Ojúlówó. Àwọn tó ń dúró nísàlẹ̀ láti gba àga yìí pọ̀ ju ẹ̀yin tó jókòó síbí lọ. Ọ̀la, kí oòrùn tó dé àtàrí, gbé iṣẹ́ tó mọ́ wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má ṣe jẹ́ kí n rí ọ níbí mọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo yíjú sí Abẹ́rẹ́. "O rí i."

"Mo rí i. Mo wò ó tán pátápátá."

"O mọ̀ pé yóò bàjẹ́, o ò sì sọ!"

"Ṣé apá ọ̀dọ̀ mi ló ti ṣẹlẹ̀ ni?"

Mo sáré délé bí iná tó rí epo. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí irin, ó ń mu omi. Ìjà tó ṣẹlẹ̀, ẹ má bi mí. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á sá. Èmi náà bú u, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mi ò gbé "ẹ" sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kankan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti bayé mi jẹ́! Òṣìkà ni yín, sà! Orí yín ò pé!"

"Ta lò ń pè lórí ò pé?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

A pariwo débi pé àwọn tó wà ládùúgbò kejì kó aṣọ wọn lórí okùn, wọ́n ṣe bí òjò ló ń bọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn náà ti tán. Mo lajú, mo ní kí n sọ pé "Ẹ káàárọ̀," ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ní òtútù ló dá mi lóhùn látinú ọ̀fun ara mi.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn bí ẹni tó rí ìyàwó tuntun.

"Ohùn ti lọ? Kò burú. Irin ò nílò ohùn. Mú ìbọ̀wọ́ yẹn, kó o máa bọ̀."

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin tèmi ni! Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fa imú, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irun ara mi dìde. Ó mọ orin náà láti orí dé ìrù. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lójoojúmọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Ohùn náà sì nìyẹn, ohùn tí kọ̀ǹpútà kò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí tèmi.

Mo mú agbohùnsílẹ̀, mo tàn án, mo tì í sápò aṣọ iṣẹ́ mi, mo fi aṣọ náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dúró sí, mo sì jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ náà yọ díẹ̀ níbi tí iná ti jó aṣọ lu. Ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́ nígbà yẹn, ó ń wo irin kan. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́ ṣọ́ọ̀bù lófìfo. Lẹ́yìn náà mo dúró níwájú rẹ̀, mo gbé àyà síwájú, mo la ẹnu, mo sì kọ ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohùn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn.

Ojú rẹ̀ bàjẹ́. "Kí nìyẹn? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́? O ò lè kọrin, o ò lè di irin mú. Yàgò."

Ó gbé hámà sílẹ̀. Ó nu ẹnu.

"Ilé tí mo fẹ́ kọ́, òkè ọ̀run ni yóò wà," ló kọ, ó sì yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ò lè kan ìṣó mọ́gi kó má tẹ̀!"

Mo mirí.

"Àwọsánmà ni mo fi ṣòrùlé. Òrùlé? Orí rẹ gan-an ń jò!"

Mo tún mirí.

"Mo ti gbé bíríkì kan, ó ku ẹgbẹ̀rún. Bíríkì wo? Ààbọ̀ garawa omi lo gbé lánàá, o sì sùn di ọ̀sán! Ẹ bá mi ká lọ, ẹ̀yin ará. Ta ni yóò bá ọ lọ? Òjìji rẹ gan-an ń wá ibi tí yóò ti yà!"

Kí ó tó gbé hámà padà, mo ti já aṣọ iṣẹ́ lórí ìṣó, mo ti dé títì.

Nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀dà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ṣe ẹ̀dà, mo ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ǹ bá ti ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà pàápàá. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé èébú. Ó rọrùn láti rí wọn: orin lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí koríko, èébú ga bí òkè. Mo gé òkè kan, mo fa koríko méjèèjì pọ̀. Mo tún gé òmíràn.

"Ó ń dún," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Kí ló ń dún?"

"Ibi tó o ti gé e. Ó ń ṣe tọ́ọ̀, bí ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Ó ń bí mi nínú. Gé e lẹ́yìn ìgbà tó bá mí tán, kì í ṣe láàárín èémí. Ṣé ẹran lò ń gé ni?"

"Mi ò bẹ̀ ọ́."

"Èmi náà ò ràn ọ́ lọ́wọ́. Etí mi ni mò ń gbà sílẹ̀."

Mo gé e lẹ́yìn èémí. Tọ́ọ̀ náà kú. Inú bí mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Oòrùn kò tíì dé àtàrí nígbà tí Má-fọwọ́-kàn-án fi hẹ́dífóònù sétí. Ó pa ojú dé. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó mọ́," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fagbára fa eyín rẹ̀. "Ta ló ń kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà," ni ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn.

Ó lajú kan. "Pẹ̀lú ọ̀fun wo?"

Mo sọ òótọ́ fún un, ó dùn mí.

"Kò kàn mí ẹni tó kọ ọ́," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀ ni mò ń kọ́ yín, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yìí, ẹni tó ni ohùn ló ni ohùn. O ò jí aṣọ èèyàn, o ò gbọdọ̀ jí ohùn èèyàn. Lọ pè é wá. Bó bá ní kó o máa lò ó, jókòó sórí àga rẹ. Bó bá ní ká pa á rẹ́, n ó pa á rẹ́ lójú rẹ, o ó sì bá a lọ."

Ta ni ẹni tí mo fẹ́ lọ bẹ̀? Ẹni tó ti mú ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ dè mí!

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe bí yóò fọ́ mi lórí. Ẹ̀rín ló rín. Ó fọ ọwọ́. Ó wọ bàtà, bàtà gidi.

"Tí mo bá ní kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n á pa á rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ó sì wá di irin mú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí la ṣì ń dúró ṣe níbí?" Iwájú mi ló ń rìn ní gbogbo ọ̀nà, ó ń súfèé.

Òun àti Má-fọwọ́-kàn-án rí ara wọn, wọ́n sì kórìíra ara wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan o," ni olùkọ́ wí.

"Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn níbí? Ike lásán. Ẹ ò tilẹ̀ ní irin."

Ó jókòó lórí àga mi. Àga náà pariwo. Wọ́n fi hẹ́dífóònù sí i létí, ó jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dún. Mò ń wo ẹnu rẹ̀. Kíláàsì náà ń wò ó, títí kan Abẹ́rẹ́, tó ti gbàgbé ààlà tó fi sẹ́lótéèpù pa. Lójú mi, mo ti rí ewú ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ hẹ́dífóònù díẹ̀díẹ̀.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ibi yòókù dà?"

"Ibi wo?"

"Ibi tí mo ti bú ọ!" Ó dìde. "Èyí tí mo sọ nípa garawa ńkọ́? Òrùlé tó ń jò ńkọ́? O gé ọ̀rọ̀ mi kúrò, o wá fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, mò ń kọrin rẹ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ! Kí àwọn èèyàn máa gbọ́ ọ, kí wọ́n ní, ẹ wo ẹ̀gbọ́n rere? O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́! Dá a padà. Gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí baba elétí yìí pa á rẹ́ báyìí."

"Bó bá dá a padà," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí, orí rẹ̀ ń pupa, "ṣé ó ṣì máa mọ́? Ariwo ṣọ́ọ̀bù yín ni n ó tún máa gbọ́!"

Mo wà láàárín àwọn méjèèjì bí irin láàárín hámà àti owú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, mo ní ojúlówó. Mo jókòó, mo ṣí i, mo tún ṣe ẹ̀dà kan, mo wá ibi òfìfo tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo irin láìsọ̀rọ̀, mo sì fi ibẹ̀ han kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ nìkan. Ìhùn iná ṣọ́ọ̀bù lọ, ìhùn títì tẹ̀ lé e. Mo so wáyà sípíkà mọ́ ọn, mo ní kí gbogbo yàrá gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ìlà kan, ó bú mi. Ó kọ ìkejì, ó bú mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde bí àwo tí wọ́n fọ̀, èébú náà kò sì kọjá àwọ̀ ewé. Nígbà tó dé orí garawa, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́, tí mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí, dorí kọ tábìlì, ó ń lù ú. Nígbà tó dé orí òjìji, ẹni tó ṣubú lánàá tún ṣubú.

Má-fọwọ́-kàn-án nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na etí síbẹ̀ títí ó fi parí.

"Èébú náà mọ́," ló wí. "Mi ò sọ pé èébú ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kó mọ́." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Kó wà, àbí ká pa á rẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó rántí ohun tó tìtorí rẹ̀ wọ bàtà.

"Tí mo bá ní kí ẹ pa á rẹ́, èyí ń bọ̀ wá di irin mú fún mi?"

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ti garawa náà á sì lọ?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ti garawa lẹ́ẹ̀kan péré." Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Mò ń wo ìkórìíra àti ìgbéraga bí wọ́n ṣe ń jìjàkadì lójú rẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí n ó gbàdúrà fún.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Òmùgọ̀ tó lè di irin mú, ó pọ̀ ládùúgbò wa. Irú èébú báyìí kì í jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì."

Ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára òpó. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án tọ́ka sí àga mi, mo jókòó, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì gba ẹ̀dà fáìlì náà, òun ni wọn yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn tí wọ́n sì ń so ó pọ̀. Láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, láti orí kọ̀ǹpútà gbogbo, wọ́n ń gé mi, wọ́n ń so mí, orí mi ń jò ní igun kan, mò ń sùn di ọ̀sán ní igun kejì, mi ò sì lè bá wọn wí, nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.